Bí o ṣe máa kọ ìtàn ìlú rẹ láì gbẹ́jọ́ ẹnìkan dá

Lọ́dọọdún, bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́dún kẹrin bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá àkòrí prójẹ́ẹ̀tì, fóònù mi kì í sinmi mọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi á pè, ọmọ alájọgbé á pè, ọmọ tí mo kọ́ ní girama á wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní Pàkátà, á ní, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá tópíìkì.” N kì í bá ẹnikẹ́ni wá tópíìkì. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé kí n sọ bí wọ́n ṣe ń wá a, àti ibi tí wọ́n ń gbé e gbà lẹ́yìn tí wọ́n bá rí i. Ó ti sú mi láti máa tún un sọ lórí fóònù, ni mo ṣe kọ ọ́ síbí.

Ọmọ Òmù-Àrán ni mí. Àárín ìlú Ìlọrin ni ilé ọkọ mi. Ẹ̀ka ìtàn ní Yunifásítì Ìlọrin ni mo ti gba oyè kìíní àti èkejì, ìtàn náà ni mo sì ń kọ́ ọmọ jẹun títí di òní. Mi ò ka ilé bàbá àti ilé ọkọ sílẹ̀ lásán. Nílé bàbá mi, bí àwọn àgbà bá ń sọ̀rọ̀ ajẹ́lẹ̀ tí Ìlọrin fi sí àwọn ìlú Ìgbómìnà láyé àtijọ́, ẹran tí ajẹ́lẹ̀ ń mú lórí ìso àti iṣu tí àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ń wà lóko olóko ni wọ́n ń kà. Nílé ọkọ mi, ajẹ́lẹ̀ kan náà ni ojú ọba, ẹni tó ń parí ìjà, tó ń jẹ́ kí ọ̀nà ọjà dùn ún rìn. Àwọn méjèèjì kì í purọ́ o. Olúkúlùkù ń sọ ohun tí ìdí tirẹ̀ jókòó lé. Yorùbá sì ti ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ́ ọ nínú ọ̀rọ̀ yìí kò ju bí o ṣe máa gbọ́ ẹnu kejì lọ.

Àkòrí

Kọ́kọ́ wo ohun tí ẹ̀ka tí o wà gbówọ́ nínú rẹ̀. Ọdún 1975 ni wọ́n dá Yunifásítì Ìlọrin sílẹ̀. Ibi tó jókòó sí fúnra rẹ̀ jẹ́ oríta: Ìlọrin àti àwọn ààfáà rẹ̀ wà níbí, Ìgbómìnà àti Ìbọ̀lọ́ wà ní gúúsù, Èkìtì wà ní ìhà Ọ̀bọ̀ àti Ẹrúkù, Nupe wà ní Pàtégí àti Láfíàgí, Bàrùbá wà lọ́nà Kàíámà. Olùkọ́ tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ìtàn Ìgbómìnà mọ ibi tí fáìlì wà, ó mọ ìlú tí wọ́n ti ń lé akẹ́kọ̀ọ́ jáde, ó sì máa mọ̀ bí o bá hun irọ́. Tí o bá wá lọ mú ìjà Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà, kí lo máa rí kà ju ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti kọ lọ? Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà létí odò kò gbọ́dọ̀ máa ra omi inú ọ̀rá.

Lẹ́yìn náà, lọ sí ibi tí wọ́n kó àwọn prójẹ́ẹ̀tì àtijọ́ sí. Jókòó tì wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni o máa rí tó ń jẹ́ “Ìtàn ìlú báyìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé 1960.” Orí kìíní á sọ bí ilẹ̀ ṣe rí àti bí òjò ṣe ń rọ̀, orí kejì á kó gbogbo ìlú kúrò ní Ilé-Ifẹ̀ tàbí Ọ̀yọ́ Ilé, orí kẹta á to ọba, orí kẹrin á gba òyìnbó lálejò. Irú èyí ti tó. Ohun tí o ń wá nínú wọn ni ìtọ́kasí ìsàlẹ̀ ìwé. Nọ́ńbà fáìlì tó wà níbẹ̀, kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó máa wúlò fún ọ ní àkáífù Kàdúná, ilé tí wọ́n ń kó ìwé ìjọba àtijọ́ pamọ́ sí, ju àlàyé tí wọ́n ṣe lókè lọ.

Ìbéèrè kékeré ló ń bí ìwé tó nítumọ̀. Wo ọ̀rọ̀ àwọn ará Gánà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn oníṣòwò láti Ọ̀fà, láti Ìlọrin, láti àwọn ìlú Ìgbómìnà, pọ̀ nínú wọn. Wọ́n dé pẹ̀lú ẹrù díẹ̀ àti ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá dáadáa, nígbà tí ogun abẹ́lé kò tíì parí nílé. Níbo ni wọ́n sùn? Ta ló fún wọn ní ṣọ́ọ̀bù? Ṣé wọ́n gbé ìdíyelé ilẹ̀ sókè? Ta ló fi owó Gánà kọ́ ilé kí wọ́n tó lé wọn, ta ni kò kọ́? Mú ìlú kan ṣoṣo, Ṣàárẹ́ tàbí Òró, kí o mú láti 1969 dé 1976, o ti rí iṣẹ́. Má sì fi falẹ̀, nítorí ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà náà ti lé ní àádọ́rin báyìí.

Tàbí kí o mú ìlẹ̀kẹ̀ lántànà, òkúta pupa tí wọ́n ń gbé wá láti òkè ọya, tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Ìlọrin ń lọ̀, tí wọ́n ń lu ihò sí, tí wọ́n ń tà fún àwọn ọlọ́lá ìlú Yorùbá. Iṣẹ́ yẹn ti parẹ́. Kí ló pa á? Tàbí ìkòkò Dàda ní Òkèlélé, tí kò tíì parẹ́. Kí ló dá a sí? Tàbí Ìlọrin Tálákà Parapọ̀, ẹgbẹ́ òṣèlú tó gba ìṣàkóso ìbílẹ̀ mọ́ àwọn ìjòyè lọ́wọ́ ní àárín ọdún 1950 sí 1960. Báwo ni àwọn tí kò kàwé ṣe wọ ìgbìmọ̀? Èyíkéyìí nínú wọn dára ju “láti ìbẹ̀rẹ̀” lọ.

Lọ́dọ̀ àwọn àgbà

Gba lẹ́tà ìdánimọ̀ ní ẹ̀ka rẹ, kí wọ́n lù ú ní òǹtẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́tà nìkan kò ṣílẹ̀kùn. Ní Ìlọrin, wá magájí agbo ilé náà kí o tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nínú ilé. Ní àwọn ìlú gúúsù, ààfin ni wọ́n ń kọ́kọ́ yà, kódà bí kì í bá ṣe ọ̀rọ̀ ọba lo bá wá. Kúnlẹ̀ bí o bá jẹ́ obìnrin, dọ̀bálẹ̀ bí o bá jẹ́ ọkùnrin, kí o sọ ọmọ ilé tí o jẹ́. Wọ́n máa bi ọ́. Mọ oríkì orílẹ̀ rẹ dé ìwọ̀n tí o lè dáhùn bí bàbá bá kì ọ́ díẹ̀. Mú nǹkan dání: bísíkíìtì, ọṣẹ, ṣúgà. Má fi owó ṣáájú, torí ẹni tí o bá kọ́kọ́ fún lówó máa sọ ohun tó rò pé o fẹ́ gbọ́.

Bí ìlú náà bá ń ṣẹjọ́ ilẹ̀ pẹ̀lú aládùúgbò rẹ̀, ṣọ́ra. Láàárín Àjàṣẹ́-Ìpo sí Ọ̀fà àti káàkiri ìhà ibẹ̀, ọ̀rọ̀ ààlà kò tíì tán nínú àwọn èèyàn. O máa béèrè ibi tí wọ́n ti ṣí wá, wọ́n á rò pé lọ́yà ló rán ọ. Sọ iṣẹ́ rẹ ní kedere, fi ìwé hàn, kí o sì jẹ́ kí ìbéèrè ààlà gbẹ̀yìn tàbí kí o má béèrè rẹ̀ rárá bí kì í bá ṣe òun lo ń kọ.

Má ṣe béèrè ọdún lọ́wọ́ àgbà. “Ọdún wo ni, bàbá?” máa fún ọ ní nọ́ńbà kan ṣá, nọ́ńbà náà kò sì ní nílárí. Ohun tí o máa béèrè ni ìṣẹ̀lẹ̀ tí àwa tí a kàwé mọ ọdún rẹ̀. Ṣé wọ́n ti lọ sílé ọkọ nígbà tí owó náírà dé? Oṣù kìíní 1973 nìyẹn. Nígbà tí mọ́tò kúrò lápá òsì ọ̀nà wá sápá ọ̀tún? Oṣù kẹrin 1972. Nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ sílẹ̀? 27 oṣù karùn-ún 1967. Ṣé ẹ́míà Abdulkadir ṣì wà lórí oyè? Ó jẹ láti 1919 dé 1959, nítorí náà, o ṣì gbọ́dọ̀ fi ìbéèrè mìíràn kún un kó tó lè súnmọ́ ọdún kan. Fún ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu bàbá wọn, lo rélùwéè, tó ti kọjá Ọ̀fà àti Ìlọrin dé Jẹ́bà kó tó di 1910, tàbí ogun tí Ilé-iṣẹ́ Niger ti àwọn òyìnbó gbé dé Ìlọrin ní 1897, tàbí ìjà àwọn balógun tí ẹ́míà Mọ́mọ̀ bá lọ nínú ààfin ara rẹ̀ ní 1895, tàbí ogun Jálumi láàárín Ìbàdàn àti Ìlọrin ní 1878. Kọ àwọn wọ̀nyí sí ẹ̀yìn jọ́tà rẹ kí o tó kúrò nílé.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń lọ bá bàbá nìkan. Bàbá á sọ ti ọba àti ogun, ó tán. Lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ìyàwó ilé ló mọ oríkì ilé ju ọmọ ilé lọ, nítorí òun ló ń fi kí ọkọ, òun ló ń fi kí àwọn ọmọ tó bá láàárọ̀, òun ló ń fi sunkún òkú. Nígbà tí mo ń ṣe iṣẹ́ oyè kejì mi lórí ọjà àwọn obìnrin, bàbá kan ní Òró ti fi odidi wákàtí kan to orúkọ ọba fún mi, kò sì sọ̀rọ̀ ọjà rárá. Ìyá tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tó ń ya ẹ̀gúsí, kò gbójú sókè. Mo jókòó sílẹ̀, mo bá a ya ẹ̀gúsí. Nígbà tó ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì ilé náà fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ń sunkún, mo gbọ́ orúkọ obìnrin kan tí wọ́n pè ní ẹni tó ń fi àádọ́ta kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ gbẹ́rù. Mo ní, “Ìyá, ta ni yẹn?” Ó ní, “Òun ló ni ọjà tí ẹ ń wí.” Bàbá rẹ́rìn-ín. Láti ibẹ̀ ni orí kejì ìwé mi ti jáde. Àádọ́ta yẹn kì í ṣe iye tí ẹnikẹ́ni kà o. Oríkì kì í ka ẹran. Ohun tó jẹ́ ẹ̀rí níbẹ̀ ni pé obìnrin kan wà tí orúkọ rẹ̀ wọ oríkì nítorí òwò, àti pé ẹrù rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí a lè fi orí rù.

Bí a ṣe ń ka oríkì nìyẹn: wo ohun tó fi pamọ́ sínú ìyìn. Mú èyí tí gbogbo ayé mọ̀: Ìlọrin Àfọ̀njá, ìlú tó tóbi tó báyìí tí kò léégún, ẹṣin léégún ilé wọn, ọ̀kọ̀ lorò ibẹ̀. Àsìkò méjì ló wà nínú gbólóhùn yẹn. Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tó kọ̀yìn sí Ọ̀yọ́ ní nǹkan bí 1817, wà níwájú. Ẹṣin àti ọ̀kọ̀ tó tẹ̀lé e jẹ́ ti ìgbà tí agbára ti bọ́ sí ọwọ́ àwọn tó pa á, tí Abdulsalami ọmọ Ṣéú Àlímì ti di ẹ́míà. Ẹni tó ń kì í lónìí kì í mọ̀ pé òun so òkú mọ́ ẹni tó pa á. Ìwọ tí o jẹ́ akọ̀tàn gbọ́dọ̀ mọ̀. Orin dàdàkúàdà náà bẹ́ẹ̀, wákà tí wọ́n ń kọ fún àwọn tó ti Mẹ́kà dé náà bẹ́ẹ̀. Orúkọ èèyàn àti ọ̀rọ̀ ìjà àdúgbò kún inú wọn.

Fóònù tó o fi gba ohùn sílẹ̀: tọrọ àyè, sọ ọjọ́, ìlú àti orúkọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, kí o sì gbé e sí ibi méjì lálẹ́ ọjọ́ náà. Tí o bá ń kọ ọ́ sílẹ̀, fi ẹ̀ka èdè wọn sílẹ̀ bó ṣe rí. Má ṣe sọ Ìgbómìnà di Yorùbá ilé-ìwé.

Fáìlì

Ìlọrin jẹ́ ara ilẹ̀ Àríwá lábẹ́ òyìnbó, láti 1900 tí wọ́n ti fi àsíá wọn mọ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí ìwé ìjọba tó kàn wá fi wà ní àkáífù ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Kàdúná, kì í ṣe Ìbàdàn. Àwọn ìwé ọ́fíìsì àgbègbè Ìlọrin wà níbẹ̀ lábẹ́ orúkọ Ilorprof, tí olú ọ́fíìsì Àríwá sì wà lábẹ́ SNP: SNP 7, SNP 10, SNP 17 ni o máa rí jù. Tẹ̀ ẹ́ mọ́ra, nítorí ọgbọ́n kan wà níbẹ̀. Òyìnbó kì í kọ ìwé ẹ̀dà kan. Bí ìjòyè òyìnbó bá kọ ìròyìn ní Òmù-Àrán, ẹ̀dà kan dúró ní Ìlọrin, òmíràn gòkè lọ sí olú ọ́fíìsì. Nítorí náà, bí òṣìṣẹ́ àkáífù bá ní wọn kò rí fáìlì tí o béèrè nínú Ilorprof, má kó bàtà rẹ nílẹ̀. Wá a nínú SNP.

Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ rẹ bá kan Ìgbómìnà, Ìbàdàn náà wà lójú ọ̀nà rẹ. Ààlà Àríwá àti Gúúsù gba àárín wọn kọjá: Ìlá Ọ̀ràngún bọ́ sọ́dọ̀ àwọn ará Ọ̀yọ́, Òmù-Àrán, Àjàṣẹ́ àti Ìgbàjà bọ́ sọ́dọ̀ Ìlọrin. Ìwé ti Ìlá wà nínú Oyo Prof (ìwé ọ́fíìsì àgbègbè Ọ̀yọ́) àti CSO 26 (ti olú ọ́fíìsì ìjọba ní Èkó) ní àkáífù Ìbàdàn, tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ọ̀fà àti Òkukù náà rí bẹ́ẹ̀: Ọ̀fà bọ́ sọ́dọ̀ Ìlọrin, Òkukù bọ́ sọ́dọ̀ Ọ̀yọ́. Ohun tí òyìnbó Ìlọrin kọ nípa aládùúgbò rẹ̀ àti ohun tí òyìnbó Ọ̀yọ́ kọ nípa rẹ̀ kì í bára mu, inú àìbáramu yẹn sì ni oúnjẹ wà. Àwọn tí kò lè lọ sí Kàdúná nítorí ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà, kí wọ́n kọ́kọ́ lọ sí Ìbàdàn ná. Bí o bá máa lọ sí Kàdúná, ọ̀sán ni kí o rìn, kí ará ilé mọ ibi tí o máa sùn, kí o sì ti kó gbogbo nọ́ńbà fáìlì jọ láti inú àwọn prójẹ́ẹ̀tì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó dé ibẹ̀ kó tó máa ronú ohun tó fẹ́ béèrè ti fi owó ọkọ̀ ṣòfò.

Pẹ́ńsùlù ni kí o mú dání. Fáìlì máa dé sórí tábìlì rẹ pẹ̀lú okùn lára. Ìwé inú rẹ̀ ti pọ́n, etí rẹ̀ ti ń rún, nítorí náà, ọwọ́ méjì ni wọ́n fi ń ṣí i. Apá kan ìwé náà ni wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀, òun ni ìròyìn fúnra rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kejì ni ìwé tí àwọn òyìnbó fi ọwọ́ kọ síra wọn, lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ ni wọ́n ń fi parí rẹ̀. Ibẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ kà. Ìròyìn lè sọ pé abúlé báyìí “gbà láti san owó orí.” Yí i padà, o lè bá ọ̀gá rẹ̀ tó ń bi í pé èwo ni ti ọlọ́pàá tí ó mú dání nígbà náà. Ohun tí wọn kò fẹ́ kí ọ̀gá àgbà ní Kàdúná rí, inú ìwé àfọwọ́kọ náà ló wà.

Èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ràn jù ni ìròyìn ìdíyelé, assessment report, tí àwọn òyìnbó kéékèèké ń kọ lórí àgbègbè kọ̀ọ̀kan láti mọ iye owó orí tí wọ́n máa gbà. Ọkùnrin tó ti dàgbà, obìnrin, ẹran, òfì, oko iṣu, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kà. Ìtàn ìlú ló máa ń ṣáájú wọn, ojú ìwé méjì tàbí mẹ́ta. Bi ara rẹ: ta ló sọ ìtàn yẹn fún un? Ògbufọ̀ ló wà láàárín. Aṣojú Ìlọrin lè jókòó níbẹ̀ bí ọba ṣe ń sọ ọ́. Ọba náà mọ̀ pé owó orí ló ń bọ̀. Ìlú tó bá fẹ́ gba òmìnira lọ́wọ́ ìlú kejì á sọ pé àwọn kò sin ẹnikẹ́ni rí. Iye èèyàn tí wọ́n kà náà, fi sùúrù gbà á. Ta ni kì í fi ọmọkùnrin pamọ́ sóko lọ́jọ́ tí agbowó-orí bá dé? Iye òfì, mo gbà á ju iye ènìyàn lọ, torí òfì kò ṣeé gbé sá.

Ohun kan ń dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rú. Wọ́n á ka ìtàn ìlú nínú gazetteer àgbègbè Ìlọrin, ìwé tí àwọn òyìnbó kó ìtàn àti àlàyé àgbègbè náà jọ sí, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921 tàbí 1929, wọ́n á lọ bá àgbà, àgbà á sọ ọ́ bó ṣe wà níbẹ̀ gẹ́lẹ́, inú wọn á dùn pé ẹ̀rí méjì bára mu. Ẹ̀rí kan ni. Bàbá tíṣà ti kà á nínú ìwé, ó ti sọ ọ́ níbi ọjọ́ ìlú, gbogbo ìlú ti gbà á. Ìwé pẹlẹbẹ tí ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ tẹ̀ fún ìwúyè ọba náà ń ṣe irú èyí. Béèrè lọ́wọ́ àgbà ibi tó ti gbọ́ ọ. Bí ó bá ní bàbá òun ló sọ ọ́, béèrè bóyá bàbá kàwé.

Èsìẹ́ ni mo fi máa ń kọ́ wọn bí fáìlì ṣe ń ṣẹ̀tàn. Ìwé ní òyìnbó kan tó ń bojú tó ilé-ẹ̀kọ́ CMS (ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Áńgílíkà), Ramshaw, ló “rí” àwọn ère òkúta ibẹ̀ ní 1933. Ère tó lé ní 800, tí àwọn ará Èsìẹ́ ti ń bọ láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ̀ dó síbẹ̀! Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1933 ni pé ọ̀rọ̀ náà wọ inú fáìlì. Nítorí pé ó wọ fáìlì, wọ́n kọ́ ilé fún wọn ní 1945, tó di ilé ọnà ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Nǹkan tí kò wọ fáìlì pọ̀ ju èyí tó wọ̀ ọ́ lọ.

Ìwé tó wà nílé

Kí o tó ní kò sí ìwé lórí àkòrí rẹ, wo àwọn tó wà nílé tí kì í ṣe ti ìjọba. Ìwé ìrìbọmi ní ìjọ. Ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ tí àwọn hẹ́dímásítà ń kọ. Ìwé ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀, tó sábà máa ń wà nínú àpótí ọmọ akọ̀wé tó ti kú. Níbẹ̀ ni o máa rí iye tí olúkúlùkù dá fún ilé-ìwé, ẹni tí wọ́n bá wí, ẹni tó bínú jáde. Mo fẹ́ràn wọn ju gbogbo fáìlì òyìnbó lọ. Àwọn ọmọ Ọ̀fà àti Òró tó wà ní Kánò, Jos tàbí Èkó máa ń kọ lẹ́tà sílé, wọ́n sì máa ń ka lẹ́tà náà sínú ìpàdé.

Ní Ìlọrin, ìwé Lárúbáwá wà lọ́wọ́ ìdílé ààfáà, nínú àpò awọ tàbí nínú àpótí onírin. Òmíràn jẹ́ Yorùbá tí wọ́n fi álífábẹ́ẹ̀tì Lárúbáwá kọ. Gbèsè, ìpín ogún, ìtàn ìran, àdúrà, lẹ́tà láàárín ààfáà. Bí o kò bá gbọ́ Lárúbáwá, wá akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka Lárúbáwá tí ẹ máa jọ ṣe é, kí o sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé rẹ. Yunifásítì ìpínlẹ̀ Kwara ní Màlété ní ibùdó tó ń kó ìwé àfọwọ́kọ Ìlọrin jọ, yà níbẹ̀. Má ṣe bẹ ìdílé kí wọ́n yá ọ ní ìwé. Ya fọ́tò rẹ̀ lójú wọn, kí o dá a padà sínú àpò lójú wọn.

Kíkọ ọ́

Nígbà tí o bá jókòó láti kọ, la ojú ìwé sí méjì. Kọ ohun tí ìlú kan sọ sí ọ̀tún, ohun tí aládùúgbò rẹ̀ sọ sí òsì, kí o kọ fáìlì sábẹ́ wọn. Ibi tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti bára mu, kọ ọ́ ní ṣókí. Ibi tí wọ́n ti tako ara wọn, dúró síbẹ̀, kí o sì sọ ìdí tí olúkúlùkù fi sọ tirẹ̀ bẹ́ẹ̀. Má ṣe pín in sí àárín bí ẹni tó ń pín ẹran. Bí ẹ̀rí ìlú kan bá wúwo ju ti èkejì lọ, sọ ọ́, kódà bí ìlú tìrẹ ló bá fúyẹ́. Mo ti rí ọmọ ìlú kan tó fi gbogbo orí kẹta gbèjà oyè bàbá rẹ̀ àgbà. Máàkì tí wọ́n fún un kò dùn mọ́ ọn.

Ọba tó jẹ ṣáájú ọ̀rúndún kọkàndínlógún, má ṣe fi ọgbọ̀n ọdún ìṣirò lu ìwé orúkọ wọn láti rí ọdún tí wọ́n tẹ ìlú dó. Orúkọ ń jábọ́ láàárín ọ̀nà: ẹni tí wọ́n rọ̀ lóyè, ẹni tí ogun pa láìtíì pẹ́, ilé ọba tí wọ́n ti jù sẹ́yìn. Kọ “ṣáájú ogun Jálumi” tàbí “lẹ́yìn ikú Àfọ̀njá.” Ó tó bẹ́ẹ̀.

Fún fáìlì kọ̀ọ̀kan, kọ orúkọ àkáífù, ẹgbẹ́ ìwé, nọ́ńbà, àkọlé, ọjọ́ àti ojú ìwé. Fún ẹni tó sọ̀rọ̀, kọ orúkọ tó ní kí o kọ, ọjọ́ orí tí ìwọ fúnra rẹ ṣírò, ibi tí ẹ ti sọ̀rọ̀ àti ọjọ́ náà. Bí ó bá ní kí o má dárúkọ òun, má dárúkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń da ìbéèrè bò ọ́, olùkọ́ àjèjì tó wá láti yunifásítì mìíràn máa ṣí ojú ìwé kan, á fi bíró kan ìlà kan, á ní, “Ta ló sọ èyí fún ọ?” Kó gbogbo jọ́tà rẹ wọ yàrá náà. Ṣí i, ka ọ̀rọ̀ ìyá náà fún un bó ṣe sọ ọ́, kí o wá ka ti ìlú kejì.